Ẹ̀rí Tí Mo Ní Kí Ràbíátù Lọ Mú Wá

Ìsọ̀ pákó wa,
Anloga Junction, Kumasi.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Ràbíátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà rẹ, kí n béèrè iṣẹ́, kí n béèrè bóyá onílé rẹ ní Sunyani ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Ìyá rẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, nítorí náà mi ò ní díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Orí òkìtì pákó ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Oòrùn ń gba àárín páànù wọlé, lẹ́búlẹ́bú pákó ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ náà, kò balẹ̀, kò sì lọ sókè, ojú mi sì ń ṣe bíi pé oorun fẹ́ gbé mi. Irú àkókò báyìí ni mo máa ń rò pé mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn àwọn pákó ọ̀gànwó, bí ìgbà tí o wà ní kékeré tí o máa ń ka ohun tí mo bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára pákó. Ara pákó ni mo ti kọ́ ọ ní Yorùbá kíkà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ní Yorùbá, tí mo sì fi bébà kọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ pọ̀ ju ti fóònù lọ, mo sì fẹ́ kí o lè ká a pa mọ́, kí o tún un kà lọ́jọ́ tí inú rẹ bá rọ̀ ju tòní lọ.

Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá tí o ti kí mi gbẹ̀yìn. Èmi ni mo fà á. Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rántí rẹ̀, kí o lè rí i pé mi ò bu iyọ̀ sí i fún àǹfààní ara mi.

Ọ̀sán Sunday tó ṣáájú ọjọ́ tí wàá lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Ìyá rẹ ti se wáákyé, àwọn ará ilé ti pé sí àgbàlá lábẹ́ igi dóńgóyárò, Àáfà sì ti wá láti ṣàdúrà fún ìrìn àjò rẹ àti fún láàbù tí wọ́n gbà ọ́ sí ní ilé ìwòsàn. Àáfà tẹ́wọ́ sókè, gbogbo wa tẹ́wọ́, à ń ṣe àmín. Mo bojú wo ẹ̀gbẹ́, mo rí ọwọ́ rẹ lórí itan rẹ.

Mo ní, "Ràbíátù, ọwọ́ rẹ dà?"

"Baba, mepa wo kyɛw, ẹ má bínú." Twi lo fi bẹ̀ mí kí o tó bọ́ sí Yorùbá, bí o ṣe máa ń ṣe bí àyà rẹ bá ń já. "Mi ò lè ṣe àmín sí ohun tí mi ò mọ̀ bóyá ó wà."

"O ní kò sí Ọlọ́run?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó fi hàn mí ni. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan wà, òun ló máa mú ẹ̀rí wá, Baba. Kì í ṣe èmi."

Ohùn jẹ́jẹ́ lo fi sọ ọ́. Bí o bá ti jágbe mọ́ mi ni, bóyá ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Ojú Àáfà tì mí, ojú àwọn ẹbí tì mí, mo sì gbọ́ ẹnu mi tó ń sọ pé, "Wallahi, títí wàá fi mú ẹ̀rí wá pé kò sí Ọlọ́run, má kí mi mọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó sínú yàrá, mo ń dúró kí orúnkún rẹ kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi bó ṣe máa ń rí láti ìgbà tí o ti lè rìn. Mo gbọ́ tí o ń wọ́ báàgì rẹ kọjá lójú síméńtì. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ ń sọ fún ọ pé kí o tètè dé Kejetia kí ọkọ̀ tó kún. Lẹ́yìn ìyẹn mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo ní kí o má kí mi, o ò sì kí mi. Mo ṣèèṣì tọ́ ọ dáadáa jù.

Gbogbo Friday tí o bá pe ìyá rẹ, mo máa ń rí iṣẹ́ ṣe nítòsí ibi tó jókòó sí. Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Bàbá Ràbíátù, ọmọ yín béèrè bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń dùn yín. Kò kí yín o. Ó kàn béèrè ni." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní kó sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ ti san. Irọ́ ni, kò tíì san.

O mọ̀ pé èmi náà wà lára àwọn àgbà tó máa ń jókòó dá ẹjọ́ fún àwọn èèyàn wa ní Moshie Zongo. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo ti ibẹ̀ dé, mo ń jẹun, mo ń ròyìn fún ìyá rẹ bí a ṣe parí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ní aládùúgbò òun ló mú àgùntàn òun. A sọ fún un pé kó lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Ìyá rẹ ń bu omi sí ife mi, ó ní, "Ta ni ẹ ní kó mú ẹlẹ́rìí wá?"

"Ẹni tó fẹ̀sùn kan ẹnì kejì rẹ̀ ni. Ṣé o ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ni?"

"Tóò, mo mọ̀. Nínú ẹ̀yin àti Ràbíátù, ta ló sọ pé ẹnì kan wà?"

Mo jẹ oúnjẹ náà tán, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ fún ọ bóyá ó ní iyọ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú lọ nínú lẹ́tà yìí ni pé o jàre. Èmi ni mo sọ pé Ọlọ́run wà, èmi ni mo ní ẹrù láti gbé. Mo gbé e lé ọ lórí nítorí pé mo dàgbà jù ọ́ lọ, nítorí pé èèyàn ń wò wá, àti nítorí pé ó wúwo. Níbi iṣẹ́ rẹ, nílé ọkọ tí wàá fẹ́ lágbára Ọlọ́run (jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe mọ́ mi lẹ́nu), àwọn kan á tún fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á ní kí ìwọ lọ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Má ṣe gbà. Fi ọ̀wọ̀ dá a padà fún wọn, bí o ṣe dá a padà fún mi.

Ìkejì. Èyí máa gùn díẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, nítorí ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mi ò sọ fún ọ rí. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ tèmi níbí. Ọ̀rẹ́ mi Sùlé ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, àwa jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, a jọ dàgbà nínú àgbàlá kan náà ni. Onípákó kọ̀ọ̀kan ní àmì tó fi ń kun orí pákó rẹ̀ níbi ìpẹ̀kun, kí tẹni kan má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìlà méjì aláwọ̀ ewé ni tèmi. Lọ́dún náà ọyẹ́ mú gidi, òórùn igi gbígbẹ gba gbogbo Anloga, a máa ń rí ara wa láàárín kùrukùru bíi pé ojú àlá la wà. Lọ́jọ́ kan mo ka ìrókò mi, méjìlá ò sí níbẹ̀. Mo wá ìlà méjì aláwọ̀ ewé títí, mi ò rí i. Mo wo ìsọ̀ Sùlé, mo rí ìrókò tó pọ̀, ọkàn mi sì sọ fún mi pé tèmi wà nínú rẹ̀.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Àáfà àgbà, bàbá Àáfà tó wà níbẹ̀ báyìí. Ó béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ mi. Mi ò ní. Ó wá yíjú sí Sùlé, ó ní kó fi Kùránì búra pé kò mú pákó mi, kí ọ̀rọ̀ tán. Sùlé wo Kùránì náà títí, ó ní, "Àáfà, mi ò mú pákó ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní búra. Ìyá mi ò kọ́ mi kí n máa fi orúkọ Ọlọ́run du pákó."

Mo fò sókè. Mo ní, "Ẹ rí i? Ó ń bẹ̀rù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń bẹ̀rù?"

Bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá kọ̀ láti búra, ìbúra á padà sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ̀sùn kàn. Bí òun bá búra, ó gba nǹkan náà. Mo búra, Ràbíátù. Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì lórí ohun tí ojú mi ò rí, tó kàn dá mi lójú. Sùlé ka pákó méjìlá fún mi. Kí oṣù náà tó parí ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Techiman.

Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn náà, oníbàárà kan dé tó fẹ́ ìrókò kúkúrú. Mo ń wọn èyí tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ mi, mo rí i pé méjìlá ni wọ́n, gbogbo wọn sì dín ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọwọ́ mi dúró níbẹ̀. Mo rántí pé ọyẹ́ ti sán orí àwọn pákó kan, pé èmi fúnra mi ni mo gbé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ kí wọ́n gé ibi tó sán kúrò. Orí pákó ni àmì máa ń wà. Wọ́n ti gé àmì mi mọ́ ibi tó sán, àwọn alásè ìta sì ti fi àwọn ègé náà dáná. Pákó mi wà ní ìsọ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ń wá ìlà méjì aláwọ̀ ewé.

Má rò pé mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí pé bẹ́ẹ̀ náà ni Ọlọ́run ṣe wà láìní àmì. Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní, "Baba, ẹ wọn pákó yẹn kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ó wà." Òótọ́ ni. Mi ò sọ ìtàn náà nítorí pákó. Nítorí ohun tí Sùlé sọ nígbà tí mo kó méjìlá rẹ̀ padà fún un ní Techiman ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eruku, èmi tí mo fi ọdún kan jù ú lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò búra, nígbà tó mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé mo mú un. Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni màá lọ gbé Ọlọ́run wá?"

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo rò pé mo ti gbọ́ ọ yé. Mo wá lo èyí tó kù nínú ayé mi títí di àgbà, mo tún fi orúkọ Ọlọ́run búra nígbà kejì lórí ohun tí mi ò mọ̀, mo sì tún gbé ẹrù mi fún ẹni tí kò ní i. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ mi ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o rí nínú rẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá kọ̀ láti búra, tàbí láti tẹ́wọ́, má sáré sọ pé o ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkàn mi sọ fún mi lọ́jọ́ Sunday náà pé o ti di ọlọ́kàn líle. Ìyá rẹ ní o sunkún nínú bafùrúùmù.

Wàyí o, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí màá fi dì ọ́ mú, nítorí ẹ̀bi mi kò ní kí n má jẹ́ bàbá mọ́. Ọdún tó kẹ́yìn rẹ nílé ẹ̀kọ́, ibà mú mi, o gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí o dé mo ní, "Ṣé kò sí kòkòrò ibà níbẹ̀?" O ní, "Baba, a ò rí i. Mi ò sọ pé kò sí. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ la wò." Inú bí mi nígbà náà, mo rò pé o ń fi ìwé kíkà ṣe fújà fún mi. Nígbà tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí i. Mú ìwà yẹn dání ní gbogbo ibi. Níwọ̀n ìgbà tí o bá ń sọ pé o ò tíì rí i, kò sí ẹrù kankan lórí rẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá là á mọ́lẹ̀ pé kò sí, pé àwa tí à ń forí kanlẹ̀ kàn ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, ìwọ náà ti sọ ohun kan nìyẹn, ẹrù tìrẹ náà ti dé. Mi ò ní bá ọ gbé e o.

Mi ò rántí ọ̀rọ̀ ìkélòó tí mo kà dé mọ́. Oorun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ nísinsìnyí, mo sì rí Techiman, ojú ọ̀nà pupa náà. Jẹ́ kí n sọ ìyókù kó tó lọ.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Sùlé, orí ẹrù iṣu ni mo jókòó sí nínú ọkọ̀. Ó ti dárí jì mí. Ó fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì sìn mí dé ibùdókọ̀. Oòrùn ń wọ̀, igbó wà ní ọ̀tún àti òsì, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo kàn mọ̀ lójijì pé ẹnì kan mọ gbogbo ohun tí mo ṣe, àti ìbúra náà, àti àwọn ogójì ọjọ́ náà, pé kò sì lé mi lọ. Ó bá mi jókòó lórí iṣu náà títí a fi wọ Kumasi. Mi ò rí nǹkan kan, mi ò gbọ́ ohùn. Láti ọjọ́ náà ni ìrun tí mo ń kí ti di tèmi, kó tó dìgbà náà ti bàbá mi ni.

Gbogbo ohun tí mo ní nìyẹn, Ràbíátù. Mo ti wá inú ilé, mo ti wá ìta, ní ọ̀sẹ̀ méje yìí. Àwọn àlàyé tí àwọn Àáfà ń ṣe, mo mọ̀ wọ́n, wọ́n dára, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ ló jẹ́ kí n gbà gbọ́. Wàá sọ pé ìtura ẹni tí wọ́n dárí jì ni mo rí lórí iṣu. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè jà ọ́ níyàn, mi ò sì lè gbé e sábẹ́ awò yín tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Mo fi hàn ọ́ kí o lè mọ bàbá rẹ ni. Ó tó fún mi láti máa kírun, kò tó láti fi ipá mú ẹlòmíràn tẹ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé nìyẹn lójú mi. Nígbà tí mo bá ń kírun ní kọ̀rọ̀ mi, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ọjọ́ tí mo ní kí ìwọ torí ohun tí mo gbà gbọ́ tẹ́wọ́ sókè, ọjọ́ náà ni àlàyé di dandan. Níbi iṣẹ́ rẹ, obìnrin kan á gbé ọmọ tó ń gbóná wá, á máa gbàdúrà sórí ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ kó tó fún ọ. Má béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń gbàdúrà ò bá ọ jiyàn, ẹ̀rù ló ń bà á. Gba ìgò náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí o wo ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa, kí o pe ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀. Sunyani máa ń tutù lóru, máa fi aṣọ bo àyà. Má sì jẹ́ kí iṣẹ́ gba oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìbúra mi. Mo lọ bá Àáfà ní ọjọ́ Ajé. Mo ní mo fẹ́ tú u. Ó ní ìbúra tó bá dí oore lọ́wọ́, ó dára kéèyàn tú u, pé kí n bọ́ òtòṣì mẹ́wàá. Mo ní ṣé kí n kúkú gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, nítorí mo fẹ́ kí ó dùn mí díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba, ẹni tí kò ní ohun tó máa fi bọ́ wọn la ní kó gbààwẹ̀. Ẹ̀yin ní. Ẹ lọ bọ́ wọn."

Ìyá rẹ se oúnjẹ láàárọ̀ yìí. Ó fẹ́ rán àwọn ọmọ ilé, mo kọ̀ fún un. Èmi fúnra mi ni mo gbé abọ́ náà kiri Zongo lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí mo ní ó ti san. Ìyá arúgbó kan tó fọ́jú ní ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí ló gba ìkẹwàá. Ó ní, "Alhaji, kí ni wọ́n ń ṣe nílé yín lónìí? Ìkómọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá, ọmọbìnrin ni. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó ṣàdúrà gígùn fún ọ, mo sì ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Èyí tèmi ni, mi ò béèrè àmín tìrẹ.

Ìbúra náà ti tú, Àbẹ̀kẹ́. Kò sí ẹ̀rí kankan tí mo ń retí lọ́wọ́ rẹ, yálà pé ó wà tàbí pé kò sí. Mo mọ̀ pé o ò ní kọ́kọ́ pè mí, nítorí mo ní kí o má kí mi, ìwọ sì jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, bí o bá ti kúrò níbi iṣẹ́, fi fóònù rẹ sí tòsí. Èmi ni màá pè. Má sọ nǹkan kan nígbà tí o bá gbé e. Jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ kí ọ.

Èmi bàbá rẹ.